Camry 1998 mi kì í tètè jí láàárọ̀, bí mo bá sì tẹ búréèkì, ó ń kú

OníCamry_Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Camry 1998 ni mo ń wà, èyí tí wọ́n ń pè ní tiny light, ẹ́ńjìnnì 2.2, jíà ọ́tò. Ìyọnu rẹ̀ ti sú mi.

Láàárọ̀, bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, kick starter (mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè jí) á yí dáadáa, kìrìkìrìkìrì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ò ní dáhùn. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ̀ẹ̀karùn-ún, tí mo bá fi ẹsẹ̀ ki throttle, ìyẹn pẹ́dà epo, díẹ̀, kó tó jí. Bó bá sì jí, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, mi ò sì gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kú. Tó bá ti gbóná tán, ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá yí kọ́kọ́rọ́, ó ti jí. Síló, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí throttle, ló wá kù: abẹ́rẹ́ RPM, tó ń ka bó ṣe ń yí ní ìṣẹ́jú kan, á máa lọ á máa bọ̀ láàárín 600 sí 1,300, bí ẹni pé ẹnì kan ń fi ẹsẹ̀ ṣeré lórí throttle. Tí mo bá wọ gósíló ní Iwo Road, tí AC wà ní títàn, tí mo sì tẹ búréèkì, pì! ó kú. Lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín Iwo Road sí Gate. Onímíkírà, awakọ̀ takisí Micra, tó wà lẹ́yìn mi yọ orí síta, ó ní, "Alhaji, ẹ bá wa gbé òkú yín kúrò lójú ọ̀nà." Èmi tí mi ò dé Mẹ́kà rí.

Mo ti pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ti pààrọ̀ fuel pump. Wọ́n ti fọ nozzle tó ń fọ́n epo. Owó tí mo ti ná ti kọjá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà. Mẹkáníìkì mi wá ń sọ báyìí pé brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló kù. Ẹ gbà mí o.

Rewire_Mushin

Ọ̀gá Camry, ẹ fi owó yín sápò ná. Ẹ má ra brain box. Brain box tí mo ti rí tó kàn dédé bàjẹ́ fúnra rẹ̀ ò pọ̀. Èyí tí omi wọ̀, tàbí tí ẹnì kan so wáyà rẹ̀ kọ́ra, ló pọ̀.

Inú mi dùn pé ẹ sọ ìgbà tó ń ṣe é. Oníbàárà mìíràn á kàn ní "kò jí", á dákẹ́, á wá máa wo ojú mi bíi pé babaláwo ni mí. Kò jí tó ń yí àti kò jí tí kò yí, àrùn méjì ni. Ẹ̀yin tó ń ka èyí, tí tiyín bá kàn ní "tẹ́" tó dákẹ́, ẹ má fọwọ́ kan epo tàbí pílọ́ọ̀gì. Ẹ wo bátìrì, ẹ wo orí bátìrì tó ti hu funfun, ẹ wo wáyà earth tó lọ sí ara ẹ́ńjìnnì. Bátìrì tó sùn mọ́jú yẹ kó wà ní 12.6 volt. Nígbà tí kick starter bá ń yí, kò yẹ kó já wálẹ̀ kọjá 10. Tí ẹ́ńjìnnì bá jí, 13.5 sí 14.5 ni kó wà. Tí bátìrì bá pé, tí orí rẹ̀ mọ́, tó ṣì ń ní "tẹ́", lórí Toyota, àwọn copper kékeré inú orí kick starter ló sábà máa ń jẹ. Copper nìkan ni kí ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ ra odidi kick starter, ẹ má dá wọn lóhùn.

Ọ̀gá Camry, tiyín ń yí, torí náà a ti kọjá ibẹ̀. Ẹ dá mi lóhùn nǹkan mẹ́ta. Kí ni wọ́n ṣe sí ọkọ̀ náà kẹ́yìn kí èyí tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé wọ́n fi demobiliser sí i, bọ́tìnnì ìkọ̀kọ̀ tí kì í jẹ́ kí olè lè jí ọkọ̀ gbé? Ẹni tó scan rẹ̀, ṣé code nìkan ló wò, ìyẹn nọ́ńbà àṣìṣe tí brain box fi pamọ́, àbí ó wo live data, ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ lọ́wọ́lọ́wọ́?

Bàbá_504

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Èmi ò mọ live data, ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ̀ tí kì í jí láàárọ̀. Ọdún 1983 ni mo ra 504 mi, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Ó ṣì wà lọ́gbà mi.

Nígbà ọyẹ́, a kì í kàn yí kọ́kọ́rọ́ lásán. A ó kọ́kọ́ fa choke, kí afẹ́fẹ́ dín kù, kí epo pọ̀ sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé epo kì í fẹ́ di oru nínú ẹ́ńjìnnì tútù, ara irin ni púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́. Bó bá ti ń gbóná, a ó máa ti choke padà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé láti fà á, á yí i títí bátìrì á fi rẹ̀. Bó bá sì jí pàápàá, á ní láti máa ki ẹsẹ̀ sí throttle kó má baà kú.

Ẹ tún ohun tí ọmọkùnrin yìí kọ kà. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fa choke rẹ̀ ló ń ṣàpèjúwe. Camry ò ní choke tí ọwọ́ ń fà. Ta ló wá ń bá a fà á? Ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà, ẹ dáhùn.

Rewire_Mushin

Bàbá, ẹ ti pa á lẹ́ẹ̀kan. Sẹ́ńsọ̀ omi ni. Òun ló ń sọ fún brain box bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Tó bá ní "ó tutù", brain box á fi kún epo, á sì gbé síló sókè. Tó bá parọ́ láàárọ̀ pé "ó ti gbóná", brain box ò ní fi nǹkan kan kún un. Mò ń dúró de ìdáhùn ọ̀gá Camry.

ÌyáÌbejì_Ìkòròdú

Ẹ má gbàgbé epo fúnra rẹ̀ o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú, Corolla mi ṣe gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń yí, kò jí. Bó bá jí, á máa wúkọ́. Mo ti fẹ́ẹ̀ ta á fún ẹni tó ń ra ọkọ̀ àlòkù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ní kí n bu epo náà sínú ìgò funfun kan kí n gbé e sílẹ̀ títí dọjọ́ kejì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó pín sí méjì, bí òróró àti omi. Ìgbà tí wọ́n fa gbogbo epo inú táńkì dànù tí wọ́n fọ̀ ọ́ ló padà bọ̀ sípò.

Demobiliser náà wà ńbẹ̀. Tèmi, abẹ́ sítíà ni wọ́n fi bọ́tìnnì rẹ̀ pamọ́ sí. Ó kàn tú lọ́jọ́ kan, iná ò dé fuel pump mọ́. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìkòròdú Road, ẹni tó fi í síbẹ̀ ò sì gbé fóònù.

Àdìó_Scan

Brain box ni. Mo ní Belgium, àlòkù òkè òkun, tó mọ́ dáadáa. Inbox.

Rewire_Mushin

Àdìó, jọ̀ọ́.

OníCamry_Ìbàdàn

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Kò sí demobiliser.

Ohun tí wọ́n ṣe kẹ́yìn: radiator bẹ́ ní oṣù kìíní. Mẹkáníìkì pààrọ̀ rẹ̀, ó sì yọ thermostat, fáàbù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, ó ní kò wúlò ní Nàìjíríà, pé oòrùn tiwa tó. Rewire, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tó bá a ṣiṣẹ́ so fan ní direct, kó máa yí nígbàkígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà ní on. Ó tún ní sẹ́ńsọ̀ omi ti bàjẹ́ nígbà tí omi gbóná yẹn tú jáde, ó bá mi ra òmíràn ní Gate, tòkúnbọ̀. Mi ò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ. Scan: ó ní kò sí code kankan. Ó kàn wo iná orí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní "clean", ó gba owó rẹ̀.

Rewire_Mushin

Háà. Ọ̀gá, ẹ jókòó.

Code máa ń jáde nígbà tí sẹ́ńsọ̀ bá já, tàbí tó sọ ohun tí kò ṣeé ṣe. Sẹ́ńsọ̀ tó ń parọ́ tó jọ òótọ́, brain box ò ní mọ̀. Àfi kí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ wo nọ́ńbà. Camry 1998 tó wá láti Amẹ́ríkà ní OBD2, ihò tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ scan bọ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di dandan lórí ọkọ̀ ibẹ̀ láti ọdún 1996. Ẹ yá ELM327, ẹ̀rọ scan kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, lọ́wọ́ ẹnì kan. Lọ́la, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, kọ́kọ́rọ́ ní on, ẹ má tíì sítáàtì, ẹ wo coolant temperature, ìgbóná omi ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tó sùn mọ́jú, nọ́ńbà yẹn yẹ kó sún mọ́ ti afẹ́fẹ́ tó wà níta, bíi 24, 26. Tí ẹ bá rí 60 tàbí 70, a ti mú olè.

Tí ẹ bá ní mita: sẹ́ńsọ̀ tó ní wáyà méjì ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí họ́ọ̀sì omi ńlá ti jáde lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣì í mú. Èyí tó ní wáyà kan, ti abẹ́rẹ́ ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ni. Ẹ tú orí wáyà méjèèjì náà, ẹ wọn ara sẹ́ńsọ̀. Tó bá tutù bíi 20 degree, kílóóhmù 2 sí 3 ni. Tó bá gbóná dé 80, 0.2 sí 0.4. Sẹ́ńsọ̀ ọkọ̀ mìíràn lè wọ ihò kan náà, kí orí wáyà rẹ̀ sì wọ̀ rẹ́gí, ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà rẹ̀ má bá ti Toyota mu.

Ọ̀rọ̀ pé thermostat ò wúlò nílùú olóoru yìí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ó ti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ tó. Kì í ṣe oòrùn ló ń mú omi ẹ́ńjìnnì gbóná. Nígbà tí thermostat ò bá sí, tí fan sì ń yí láti kùtùkùtù, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ lórí ìrìn, pàápàá tí ẹ bá ń sáré. Epo á máa lọ, pílọ́ọ̀gì á máa dúdú, òróró ẹ́ńjìnnì ò ní gbẹ omi ara rẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo tí mẹkáníìkì fi ń yọ ọ́ ni pé radiator ọkọ̀ dí, wọn ò sì fẹ́ ṣe é. Ẹ̀yin ti ra radiator tuntun. Kí ló wá kù tí ẹ̀ ń yọ ọ́ sí?

Bàbá_504

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n má fi gbogbo ẹ̀bi rù wọ́n. Thermostat ayédèrú tó há pa ti ba top cylinder mi, orí ẹ́ńjìnnì, jẹ́ rí. Ẹni tí ejò ti bù jẹ ń sá fún ekòló.

Rewire_Mushin

Mo gbà, Bàbá. Ayédèrú ló fà á, kì í ṣe thermostat.

Títí_Onísíló

Mo jẹ́ mẹkáníìkì, mo sì jẹ́ obìnrin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bi mí léèrè ìyẹn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí síló, torí sẹ́ńsọ̀ omi nìkan ò lè ṣàlàyé ọkọ̀ tó ń kú nígbà tí ẹ tẹ búréèkì. Àìsàn méjì ló wà lára ọkọ̀ yìí.

Búréèkì yín ń lo afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà. Họ́ọ̀sì kan tó nípọn ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ ìlù dúdú ńlá tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń da òróró búréèkì sí. Bí họ́ọ̀sì yẹn bá sán, tàbí tí awọ inú ìlù náà ya, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ búréèkì, afẹ́fẹ́ tí kò yẹ á máa wọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣe èyí: ẹ pa ọkọ̀, ẹ tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́rin títí ó fi le, ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ wá sítáàtì. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ yín rì wálẹ̀ díẹ̀. Tí kò bá rì, tàbí tí ẹ gbọ́ "ṣííí" lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ ti rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, omi ọṣẹ. Àwọn kan máa ń fọ́n carburettor cleaner sára họ́ọ̀sì lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Mo ti rí iná rẹ̀ rí, mi ò ṣe é mọ́. Ẹ po omi ọṣẹ sínú ìgò tí ẹ fi ń fọ́n irun, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wà ní síló, ẹ máa fọ́n ọn sára họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ibi tó ń fa afẹ́fẹ́ á mu ọṣẹ náà, síló á sì yí ohùn padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fọ́n ọn sára coil tó ń fún pílọ́ọ̀gì níná o. Ẹ wo abẹ́ họ́ọ̀sì dáadáa, torí lókè ó máa ń dán, abẹ́ níbi tó ti tẹ̀ ló máa ń sán.

AC: bí AC bá ti tàn, ẹrù ẹ́ńjìnnì pọ̀ sí i, fáàbù síló ló sì yẹ kó ṣí láti fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i. Lórí Camry yín, abẹ́ throttle body ni fáàbù yìí wà. Ẹ ní kí wọ́n tú throttle body, kí wọ́n fọ ihò fáàbù náà pẹ̀lú throttle cleaner àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Kì í ṣe ìṣó, kì í ṣe abẹ́ ọ̀bẹ. Họ́ọ̀sì omi wọ ibẹ̀, nítorí náà kó tutù kí wọ́n tó tú u. Kí wọ́n sì pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì, kò ju pépà lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú jù: tí ẹnikẹ́ni bá fi screwdriver yí ìdè throttle láti "gbé síló sókè", ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín padà. Ó kàn ń fi ìbòrí bo egbò ni. Síló ẹ́ńjìnnì yẹn nígbà tó bá gbóná, 700 ni, kó lé 50 tàbí kó dín 50.

Kétu_Lọ́nà_Òkè

Ẹ kú o, láti Kétu níbí, ní Benin. Rewire_Mushin, àwa ń pe ohun tí ẹ̀ ń pè ní pílọ́ọ̀gì ní búùjì, ṣùgbọ́n wàhálà kan náà ni. Tiwa ni kpayo, epo inú ìgò ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹni tó ń ra kpayo, kó máa pààrọ̀ filter epo léraléra, kó má dúró de ìgbà tí ọkọ̀ bá kú. Mo gé filter mi kan sí méjì: iyanrìn àti ìpẹtà ló kún inú rẹ̀, pupa bí osùn.

Ìbéèrè kan: wọ́n ní kéèyàn yí kọ́kọ́rọ́ sí on lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sítáàtì, kí epo lè dé iwájú. Ṣé òótọ́ ni?

Títí_Onísíló

Lórí ọkọ̀ kan, òótọ́ ni. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, fuel pump kì í ṣiṣẹ́ títí dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, nítorí náà on lásán ò ṣe nǹkan kan. Fún wọn, ẹ yí i fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún yí i. Tó bá jí wàrà lẹ́ẹ̀kejì lójoojúmọ́, epo ló ń sàn padà sí táńkì lóru.

Délé_Peckham

Ẹ jẹ́ kí n sọ òdìkejì fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Ọkọ̀ ògbólógbòó tí mo ń wà níhìn-ín ní London, òtútù ò ṣe é ní nǹkan kan. Gbígbóná ló fi ń kú lójú ọ̀nà, kò sì ní jí títí di bí ogún ìṣẹ́jú, tó bá tutù. Crank sensor ni, sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún brain box pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Tí tiyín bá ń kú ní gbígbóná tó ń jí ní tútù, ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó ra pump.

OníCamry_Ìbàdàn

Mo ti dé o. Mo yá ELM327 lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó mi. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ láàárọ̀, ìrì ṣì wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo yí kọ́kọ́rọ́ sí on. Coolant temperature: 71. Mo rò pé fóònù ló ń ṣiwèrè. Mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó tutù bí omi àmù. Mo wọn sẹ́ńsọ̀ náà, 0.43.

Rewire tó wà ní àdúgbò wa bá mi ra sẹ́ńsọ̀ Toyota gidi. Kí a tó fi sí i a wọ̀n ọ́n, 2.2. Ẹ̀yin èèyàn mi, ní ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀kan! Síló gòkè dé 1,400, ó sì ń rọra sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná. Ìyàwó mi yọ jáde láti kíṣíìnì, ó ní ta ló gbé ọkọ̀ wá.

Ti búréèkì: ẹsẹ̀ mi rì bí ìyá wa Títí ṣe sọ, nítorí náà ìlù náà dára. Ṣùgbọ́n omi ọṣẹ mú họ́ọ̀sì mìíràn, èyí kékeré tó wá láti orí tappet cover, ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì. Abẹ́ rẹ̀ ti sán gbọọrọ, mo lè ti èékánná mi bọ̀ ọ́. Nígbà tí a wá tú throttle body, ihò fáàbù síló dúdú bí ìdí ìkòkò àmàlà. Bí a ṣe fọ́n cleaner sí i, omi dúdú ṣàn jáde sórí búlọ́ọ̀kù, ọmọ iṣẹ́ ní "Alhaji, ẹ wo dọ̀tí." Orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ mi báyìí.

Síló wà ní 720. Mo tan AC, ó rẹlẹ̀ díẹ̀, ó padà gòkè. Mo lọ Iwo Road mo sì bọ̀, kò kú. Ó ṣì ń gbọ̀n díẹ̀ tí mo bá wà ní D tí mo tẹ búréèkì, àmọ́ abẹ́rẹ́ ò mì.

Títí_Onísíló

Abẹ́rẹ́ ò mì, ara ọkọ̀ ló ń mì? Engine mount, rọ́bà tó di ẹ́ńjìnnì mú mọ́ ara ọkọ̀, nìyẹn, kì í ṣe síló. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan tẹ búréèkì, kó fi sí D, kó fi sí R. Ẹni tó ń wò kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe iwájú ọkọ̀. Mount tó ti já, ẹ́ńjìnnì á fò sókè níbẹ̀. Ẹ sì yẹ ihò pílọ́ọ̀gì wò nígbà tí ẹ bá wà ńbẹ̀, òróró máa ń jò wọ inú rẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì yẹn.

Rewire_Mushin

Alhaji, ẹ kú oríire. Thermostat ńkọ́? Fan ńkọ́?

OníCamry_Ìbàdàn

Fan ti kúrò ní direct. Thermostat wà lọ́wọ́ mi báyìí, wọ́n kọ 82 sí i lára. Mo rí ihò kékeré kan létí rẹ̀ tí irin kékeré kan ń mì nínú rẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Rewire_Mushin

Kò bàjẹ́. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde nígbà tí ẹ bá ń bu omi sí i. Òkè ni kó kọjú sí. Kí ẹ tó fi sí i, ẹ sè é nínú omi gbígbóná lórí sítóòfù kí ẹ rí i pé ó ń ṣí, nítorí Bàbá_504 wà níbí, ó ń wò wá.

Bàbá_504

Mo ń wò yín.